Àbúrò mi pẹ́ kọjá ọjọ́ ní Amẹ́ríkà: ṣé pásípọ́ọ̀tù tuntun lè pa á rẹ́?

ÌBÉÈRÈ: Lọ́yà wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni mí, Texas ni mò ń gbé. Mo gba green card ní 2021. Mo ní àbúrò kan lọ́kùnrin, a jọ jẹ́ ọmọ bàbá kan, ìyá wa ló yàtọ̀. Ó wá kí mi ní oṣù kẹta 2018 pẹ̀lú físà ọlọ́dún méjì, ó sì padà sílé ní oṣù kìíní 2020, kí físà náà tó kú. Ní báyìí tí mo fẹ́ kó wá máa gbé lọ́dọ̀ wa, ejẹ́ńtì kan ní Under-G sọ pé overstay ti ba orúkọ rẹ̀ jẹ́ títí láé. Ó ní kó lọ ṣe pásípọ́ọ̀tù tuntun, kó fi orúkọ ìdílé ìyá rẹ̀ ṣe é, kó sì dín ọjọ́ orí rẹ̀ kù, pé ìgbà yẹn ni mo tó lè sponsor rẹ̀. A ti san ₦400,000, ó ku ₦450,000. Ṣé kí n san ìyókù?

ÌDÁHÙN: Ẹ má san án. Mo ní láti kọ́kọ́ sọ ìyẹn, torí láti ìgbà tí ọdún ti yí, ẹ̀yin lẹ kẹta tí ẹ gbé ọ̀rọ̀ pásípọ́ọ̀tù méjì wá bá mi, àwọn méjì ìṣáájú sì ti sanwó tán kí wọ́n tó béèrè.

Ọ̀dọ̀ ẹ̀yin fúnra yín ni ká ti bẹ̀rẹ̀. Green card kò lè pe àbúrò wá sí Amẹ́ríkà. Ọkọ tàbí aya, àti ọmọ tí kò tíì ṣègbéyàwó, ni ẹni tó ní green card lè kọ̀wé fún. Ẹni tó bá máa kọ̀wé fún ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò gbọ́dọ̀ jẹ́ sítísìn, kó sì ti pé ọmọ ọdún 21. Ẹni tó gba green card ní 2021, ọdún márùn-ún rẹ̀ pé ní 2026, kó tó lè di sítísìn. Bó bá jẹ́ pé sítísìn ni ọkọ yín, tí ẹ sì jọ ń gbé, ọdún mẹ́ta ni, bóyá ẹ tilẹ̀ ti lẹ́tọ̀ọ́ sí i láìmọ̀. Ṣùgbọ́n lónìí, bí ẹ ṣe wà yìí, ọjà tí kò sí lórí àtẹ ni ọ̀gbẹ́ni yẹn tà fún yín.

Ẹ ní ó padà kí físà tó kú. Ibí yìí ni àwọn èèyàn wa ti ń ṣìnà jù. Físà kò sọ iye ọjọ́ téèyàn máa lò. Bí ìwé ìpè síbi ìnáwó ló rí: ó gbé yín dé ẹnu ọ̀nà, ẹni tó dúró sẹ́nu ọ̀nà ló máa sọ ìgbà tí ẹ máa dìde. Ọjọ́ tí òṣìṣẹ́ pápákọ̀ òfurufú kọ sílẹ̀ fún un, tó wà nínú àkọsílẹ̀ I-94, ni òfin ń wò. Oṣù mẹ́fà ni wọ́n sábà máa ń fún ẹni tó wá kí ẹbí. Bó bá wọlé ní oṣù kẹta 2018, ó yẹ kó ti kúrò ní oṣù kẹsàn-án ọdún náà. Ó dúró di oṣù kìíní 2020. Oṣù mẹ́rìndínlógún nìyẹn, kì í ṣe ọjọ́ díẹ̀. (Ẹ yẹ I-94 náà wò kí ẹ tó gba ìṣirò mi gbọ́. Mo mọ ẹnì kan tí wọ́n sún ọjọ́ tirẹ̀ síwájú, tí òun gan-an ti gbàgbé.)

Òfin ọdún 1996 ló fi ìjìyà sí i. Ẹni tó bá pẹ́ ju 180 ọjọ́ lọ ṣùgbọ́n tí kò tó ọdún kan, tó wá fúnra rẹ̀ kúrò, wọ́n á tìlẹ̀kùn mọ́ ọn fún ọdún mẹ́ta. Ẹni tó bá lo ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ọdún mẹ́wàá. Ọjọ́ tó kúrò nílẹ̀ wọn ni kíkà ti ń bẹ̀rẹ̀. Ti àbúrò yín yóò parí ní oṣù kìíní 2030. Níbo wá ni “títí láé” ti wọlé?

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ síwájú. Ká ní ẹ di sítísìn ní 2027, tí ẹ sì fi fọ́ọ̀mù I-130, èyí tí wọ́n fi ń kọ̀wé pe ẹbí, ránṣẹ́ lọ́jọ́ kejì. Ọjọ́ tí ìwé yín bá wọlé ni ipò àbúrò yín lórí ìlà. F4 ni wọ́n ń pe ìlà ẹ̀gbọ́n àti àbúrò. 65,000 físà ni òfin yà sọ́tọ̀ fún un lọ́dún, fún gbogbo ayé, aya àti ọmọ ẹni tí wọ́n bá pè sì wà nínú iye yẹn. Ní 2025, àwọn tí ìwé wọn wọlé ní nǹkan bí 2007 sí ìbẹ̀rẹ̀ 2008 ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kàn. Ọdún mẹ́tàdínlógún! Bí ìlà náà kò bá yára jù bẹ́ẹ̀ lọ, 2044 ni ti àbúrò yín. Ìjìyà overstay yóò ti tán lọ́rùn rẹ̀ fún ọdún mẹ́rìnlá kí wọ́n tó ké sí i. Ẹ̀gbin tí wọ́n fẹ́ gba ₦850,000 lọ́wọ́ yín láti fọ̀, òjò ni yóò fọ̀ ọ́ lọ́fẹ̀ẹ́.

Pásípọ́ọ̀tù tuntun wá ńkọ́? Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ èyí. Nígbà tí àbúrò yín gba físà, wọ́n tẹ ìka rẹ̀ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá. Nígbà tó dé pápákọ̀ wọn, wọ́n tún tẹ̀ ẹ́, wọ́n ya ojú rẹ̀. Orúkọ ṣeé pààrọ̀ ní kóòtù, ọjọ́ ìbí ṣeé parọ́ lé lórí, ṣùgbọ́n ta ló lè bá a ṣe àtàǹpàkò tuntun? Ọjọ́ tó bá tún gbé ìka lé ẹ̀rọ yẹn, orúkọ àtijọ́ ni yóò jáde. Níbẹ̀ ni overstay tó ní òpin yóò ti di irọ́ pípa fún ìjọba, ìyẹn kò sì ní ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́wàá nínú. Gbogbo ọjọ́ ayé ẹni ni.

Ejẹ́ńtì á ní ìdáríjì wà, pé waiver ni wọ́n ń pè é. Ó wà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń tọrọ rẹ̀ gbọ́dọ̀ fi hàn pé ìyà ńlá yóò jẹ ọkọ, aya, bàbá tàbí ìyá òun tó jẹ́ sítísìn tàbí tó ní green card bí wọn kò bá jẹ́ kí òun wọlé. Òfin náà kò dárúkọ ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀yin gan-an tí ẹ ń pè é wá, ẹ lè sunkún kún agbada, ẹkún yín kò sí nínú ohun tí wọ́n ń kà.

Èyí tó tún bí mi nínú jù ni orúkọ ìyá tó ní kó lò. Ọbàkan ni yín. Òkùn kan ṣoṣo tó so yín pọ̀ lójú òfin Amẹ́ríkà ni bàbá yín. Ìwé ìbí ẹ̀yin méjèèjì gbọ́dọ̀ gbé orúkọ bàbá kan náà, wọn a sì tún béèrè ẹ̀rí ìgbéyàwó bàbá pẹ̀lú ìyá kọ̀ọ̀kan, àti bí èyí tó wà ṣáájú ṣe tú ká, bó bá tú ká. Ẹ wá ń sanwó kí wọ́n bá yín gé òkùn náà! Àti ọjọ́ orí tó ní kó dín kù: ọkùnrin kan jókòó níwájú mi ní ọ́fíìsì mi ní Tákíè, ó ti dín tirẹ̀ títí tó fi kéré sí àbúrò tí wọ́n bí tẹ̀lé e. Mo bi í pé èwo nínú wọn ni ìyá wọn kọ́kọ́ bí. Ó rẹ́rìn-ín. Nígbà tí ìwé dé láti ẹ́mbásì pé àwọn kò fún un ní físà, kò rẹ́rìn-ín mọ́.

Ọ̀rọ̀ ìwé ìgbéyàwó yìí le díẹ̀ fún ilé olórogún. Ìgbéyàwó ìbílẹ̀ ni ọ̀pọ̀ bàbá wa ṣe, kò sí ìwé, kò sí fọ́tò. Iṣẹ́ tiwa níhìn-ín nìyẹn: àfidáfíìtì láti ẹnu àgbà ilé tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ ìdána, kóòtù ìbílẹ̀, ìwé ìbí láti ọ̀dọ̀ àjọ NPC, ìwé ọsibítù tàbí ti ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó gbé orúkọ bàbá. Ẹ tètè ṣe é, àwọn àgbà kì í dúró de ìlà F4. Ṣùgbọ́n bí Amẹ́ríkà ṣe ń wo ilé oníyàwó púpọ̀, lọ́yà tó ní ìwé àṣẹ lọ́hùn-ún ni kí ẹ bi. Lọ́yà Nàìjíríà ni mí, ohun tí mo kọ síbí kì í ṣe àgbéyẹ̀wò fáìlì yín.

Kí ẹlòmíràn má baà wá fi ìbéèrè kan náà dí mi lọ́wọ́: ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá yín, tí ẹ ń pè ní “bùrọ̀dá mi”, kì í ṣe ẹ̀gbọ́n yín lójú òfin yìí. Ẹ má kọ ọ́ sínú I-130.

Àwọn tí àbúrò wọn ṣì wà lọ́hùn-ún láìní ìwé, ọ̀rọ̀ tiwọn yàtọ̀ pátápátá. Ọdún mẹ́wàá kò tíì bẹ̀rẹ̀ síí kà fún ẹni tí kò tíì kúrò, ìwé tí ẹ̀gbọ́n kọ kò sì lè sọ overstay di green card fún un níbẹ̀, àfi àwọn díẹ̀ tí ẹnì kan ti kọ̀wé fún kí oṣù kẹrin 2001 tó parí. Kó má sá wálé, kó má sì jókòó tẹtẹrẹ, kó lọ rí lọ́yà.

Owó I-130 jẹ́ $675 lórí ìwé, $625 lórí íntánẹ́ẹ̀tì, láti oṣù kẹrin 2024. Ẹ tún un wò kí ẹ tó san, wọ́n máa ń yí i. Láti ọjọ́ tí ẹ bá ti fi í ránṣẹ́, bí àbúrò yín bá tún ń wá físà ìbẹ̀wò, fọ́ọ̀mù á bi í bóyá ẹnì kan ti kọ̀wé ìgbélùú fún un rí. Bẹ́ẹ̀ ni ni ìdáhùn. Bó bá ní ọmọ, ẹ sọ òótọ́ fún un: ọmọ tó wà lẹ́sẹ̀ lónìí lè ti kọjá ọdún 21 kó tó kàn án, kí wọ́n sì fi í sílẹ̀. Ìkéde ààrẹ náà sì lè dé lójijì. Ní 2020 wọ́n dí físà ìgbélùú fún Nàìjíríà, wọ́n ṣí i ní 2021, ìparí 2025 ni òmíràn tún dé. Ẹni tó bá ṣèlérí ọdún kan fún yín, ẹ bi í bóyá òun ni ààrẹ wọn.

Ẹ tún sọ pé ó ti gba owó. Ṣé ó ti fi fọ́ọ̀mù kankan ránṣẹ́ lórúkọ tuntun yẹn? Bí kò bá tíì ṣe bẹ́ẹ̀, kí àbúrò yín sọ fún un pé òun kò ṣe mọ́. Bó bá ti ṣe é, lọ́yà Amẹ́ríkà ni kí ẹ pè lọ́la, ṣáájú ẹnikẹ́ni. ₦400,000 yẹn lè má padà, ẹ má torí rẹ̀ san ìyókù.

Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé pásípọ́ọ̀tù àtijọ́ wà lọ́wọ́ ejẹ́ńtì, kí àbúrò yín lọ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ lónìí, kó má dá lọ. Òǹtẹ̀ tí wọ́n lù ú ní pápákọ̀ wa nígbà tó dé ní oṣù kìíní 2020 wà nínú rẹ̀, òun sì ni ẹ̀rí tó ní lọ́wọ́ pé ọdún mẹ́wàá rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀.