Kí ló dé tá a fi ń sọ fún òkú pé "má jọ̀kùn, má jekòló"?

Àbúrò kan ní Ẹ̀pẹ́ ló bi mí. Ó ní bàbá kan kú ládùúgbò àwọn lọ́sẹ̀ tó kọjá, bàbá tó fẹ́ràn ìdílé ẹ̀ gan-an, tọ́mọ ẹ̀ tọmọ ọlọ́mọ ló ń jẹun nílé ẹ̀, bí wọ́n ṣe fẹ́ gbé e jáde ni ọmọ ẹ̀ obìnrin bá figbe ta, "Bàbá mi, ó dàrìnnàkò, ó dojú àlá. Má jọ̀kùn o, má jekòló o, ohun tí wọ́n bá ń jẹ lájùlé ọ̀run ni kó o bá wọn jẹ." Ó ní kí ni ìtumọ̀ ẹ̀, ta ló tiẹ̀ ń jẹ ọ̀kùn tẹ́lẹ̀, àti pé ṣé kì í ṣe àrífín ni kí ọmọ máa pe bàbá ẹ̀ ní "o".

Jẹ́ n tètè mú ti àrífín yẹn kúrò nílẹ̀. Kì í ṣe àrífín rárá. Nínú oríkì àti nínú ẹkún òkú, "o" la máa ń lò, ọba gan-an tí wọ́n bá ń kì í, "o" náà ni. Ọ̀rọ̀ yẹn ti wà nílẹ̀ kí wọ́n tó bí ọmọbìnrin yẹn, kó tó di pé bàbá ẹ̀ gan-an dáyé, ó kàn gbà á lẹ́nu àwọn tó sunkún ṣáájú ẹ̀ ni.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ gan-an. Ọ̀kùn lẹ mọ̀ yẹn, onígba ẹsẹ̀, tó máa ń ká jọ téèyàn bá fọwọ́ kàn án, tó máa ń gun ara ògiri nígbà òjò. Ekòló ò ní ẹsẹ̀ ní tiẹ̀, inú ilẹ̀ tútù ló ń gbé. Inú ilẹ̀ yẹn náà la sì ń gbé òkú sí, àwọn wọ̀nyẹn ló máa kọ́kọ́ bá pàdé níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń jẹ wọ́n o. Ní Ẹ̀pẹ́, ìjẹ ẹnu ìwọ̀ ni ekòló wà fún, ẹja tó bá sì lóun fẹ́ jẹ ẹ́, kò ní padà sílé. (Èrò tèmi nìyẹn, ọmọ apẹja ni mí, tí mo bá ti gbọ́ "má jekòló," ìwọ̀ ló máa ń wá sí mi lọ́kàn.)

Lójú àwọn bàbá ńlá wa, ẹni tó wà lọ́run, èèyàn ṣì ni. Ará ọ̀run là ń pè é, bá a ṣe ń pe ẹlòmíì ní ará Ìkòròdú tàbí ará Àgbádárìgì. Wọ́n nílé níbẹ̀, wọ́n ń jẹ, wọ́n ń mu. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń lọ, ọ̀nà jìn, ebi lè pa á, ó sì lè jẹ ohunkóhun tó bá ṣáà ti rí. Ìdí nìyẹn tá a fi ń kì í nílọ̀ pé kó mú ọkàn le, kó má jẹ ìjẹkújẹ lójú ọ̀nà, kó dé ọ̀dọ̀ àwọn bàbá ẹ̀, kó jókòó tì wọ́n, kó jẹ ohun tí wọ́n ń jẹ. Ẹni tó bá ń bá ará ilé jẹ nínú abọ́ kan ti di ara wọn nìyẹn. Àdúrà náà ni, torí àwọn àgbà gbà pé ọ̀run rere wà, ọ̀run àpáàdì náà sì wà, ẹni tó bá wà ní ti àpáàdì ò lè rí oúnjẹ gidi jẹ.

Àmọ́ ohun tó máa ń mú omi bọ́ lójú mi nínú ọ̀rọ̀ yẹn ni pé ọ̀rọ̀ òbí sọ́mọ ni. Bàbá mi, Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ṣùgbọ́n bó ti wù kí oúnjẹ kéré tó, kò ní jẹ ẹ́ tán, á ṣẹ́ ẹ kù fún wa, tó bá jẹ́ òbòkún ni màmá mi sè, orí ẹja tó jẹ́ ti baálé ilé, á kàn mú díẹ̀ lára ẹ̀, á wá ti abọ́ sọ́dọ̀ àwa tá a ti ń ṣe bí ẹni tí ò wo ibẹ̀ látìgbà tó ti ń fọwọ́. Nígbà tí mo lọ síléèwé ní Ìjẹ̀bú-Òde, á tẹ̀ lé mi dé gáréèjì, ọ̀rọ̀ kan náà lá sì máa sọ: má jẹun lójú títì o, ebi ò ní pa ẹ́ kú kó o tó débẹ̀, ohun tí àwọn ará ilé yẹn bá jẹ ni kó o bá wọn jẹ. Ọjọ́ tó kú tí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin bẹ̀rẹ̀ má jọ̀kùn, má jekòló, ìgbà yẹn ló tó yé mi pé ọ̀rọ̀ gáréèjì yẹn náà ni. Ẹni tó ti ń wo ẹnu wa látọjọ́ yìí bóyá a ti jẹun, òun ló ń rìnrìn àjò báyìí, ó wá kù sọ́wọ́ wa láti sọ tiẹ̀ fún un.

"Àrìnnàkò" ni pé kéèyàn máa rìn lọ kó ṣèèṣì pàdé ẹnì kan lọ́nà. Àwọn kan á ti mú àkúdàáyà wọ̀ ọ́, ẹni tó kú láìtọ́jọ́ tó lọ ń gbé ìlú mìíì, tí ojúlùmọ̀ ẹ̀ bá rí i lọ́jà, á pòórá. Fún bàbá tó dàgbà tó sì gbó, mi ò rò pé ibi tọ́rọ̀ ń lọ nìyẹn. Ohun tó ń sọ ni pé a ò lè dá ìpàdé mọ́, a ò lè ní ká rí lọ́la, bó bá ṣe bọ́ sí náà ni, àbí lójú àlá. Ọ̀nà mìíì tún wà tí ọmọbìnrin yẹn ò dárúkọ, ìyẹn ni pé kí wọ́n bí ọmọkùnrin sílé yẹn lẹ́yìn ikú bàbá, ká máa pè é ní Babátúndé tàbí Babájídé.

Àwọn ààfáà ò fara mọ́ ọ̀rọ̀ ọ̀kùn àti ekòló yìí, ẹ sì mọ̀ pé Mùsùlùmí pọ̀ ní Ẹ̀pẹ́, látìgbà tí Ọba Kòsọ́kọ́ ti sá kúrò ní Èkó wá síbẹ̀ ní 1851, tó jẹ́ pé ọ̀pọ̀ àwọn tó bá a wá ni wọ́n ń kírun. Wọ́n ní kéèyàn sọ pé Ọlọ́run á fọ̀run kẹ́ ẹ, kó sì dúró de fídáù ọjọ́ kẹjọ. Mi ò bá wọn jà. Màmá mi ṣe fídáù, ó ṣe ogójì ọjọ́, ó gbààwẹ̀, síbẹ̀ ọ̀rọ̀ yẹn jáde lẹ́nu òun náà lọ́jọ́ tí bàbá mi kú, kò sì sẹ́ni tó dá a lẹ́kun.

Ó tó oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà kí n tó lálàá rí bàbá mi, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, kò sọ nǹkan kan. Mo pe màmá mi lórí fóònù láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Kò bi mí pé kí ló wọ̀, kò bi mí pé kí ló sọ. Ó ní, "Ṣé ó sanra?"

Mo ní ó sanra, ma.

Ó ní, "Alhamdulilahi. Ó ń jẹun nìyẹn."