Fídíò ìdíje ọ̀rọ̀ sísọ: ṣé dandan ni ká ra kámẹ́rà?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọbìnrin mi, ọmọ ọdún 14, fẹ́ wọ ìdíje ọ̀rọ̀ sísọ fáwọn ọ̀dọ́. Wọ́n ní kó fi fídíò ránṣẹ́, kò gbọdọ̀ ju ìṣẹ́jú 3 lọ, a ò sì gbọdọ̀ gé e tàbí so ó pọ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹrin la ti fi fóònù Android mi yà á nínú páálọ̀. Ohùn rẹ̀ ń dún bíi tẹni tó wà nínú kànga, ojú rẹ̀ ṣú, àwọn ìlà dúdú kan sì ń rìn lójú fídíò náà. Ṣé ká wá owó kámẹ́rà ni? Ìyá ọmọ, Ìbàdàn.

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ o, Màmá. Ẹ má ra kámẹ́rà. Fóònù yẹn tó. Bí owó díẹ̀ bá wà nílẹ̀, máìkì kékeré tí wọ́n ń há mọ́ ọrùn aṣọ ni kẹ́ ẹ fi rà. Adájọ́ lè fara da àwòrán tí kò fi bẹ́ẹ̀ dán, àmọ́ ọ̀rọ̀ tí kò gbọ́ dáadáa, kí ló fẹ́ máàkì níbẹ̀?

Ohùn inú kànga yẹn, páálọ̀ ló fà á, pẹ̀lú bí fóònù ṣe jìnnà. Táìsì ilẹ̀, ògiri àti POP òkè kì í gba ohùn mọ́ra, ńṣe ni wọ́n ń ta á padà. Bí fóònù bá wà ní mítà 3 sí ọmọ, ohùn tó ń ti ara ògiri bọ̀ lè lágbára tó èyí tó ń ti ẹnu rẹ̀ bọ̀, kódà ó lè jù ú lọ. Ẹ sún fóònù wá sí mítà 1.5: agbára ohùn ẹnu rẹ̀ yóò di ìlọ́po 4, ti ara ògiri yóò sì wà bó ṣe wà. Ẹ kúrò ní páálọ̀, ẹ lọ sí yàrá tí bẹ́ẹ̀dì àti kọ́tìnì tó nípọn wà, ẹ ṣí ìlẹ̀kùn wọ́dúróòbù kí aṣọ inú rẹ̀ máa gba ohùn mọ́ra, kẹ́ ẹ sì tẹ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ láàárín ọmọ àti fóònù. Ẹ pa fáànù. Ẹ pa fíríìjì tó bá wà nítòsí (ẹ jọ̀ọ́, ẹ rántí tàn án padà). Jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò kò sí níkàáwọ́ yín, nítorí náà òwúrọ̀ kùtùkùtù ló dáa jù, kí àdúgbò tó jí tán, ìyẹn bí ìmọ́lẹ̀ ojúmọ́ bá ti tó.

Bẹ́ ẹ bá ra máìkì, ẹ kọ́kọ́ wo ihò fóònù yín: ṣé ihò róbótó ni àbí ti USB-C (ihò pẹlẹbẹ tẹ́ ẹ fi ń ṣáájì)? Nínú àwọn onírin róbótó, èyí tó ní òrùka dúdú 3 lára irin ẹnu rẹ̀ ni fóònù ń lò. Olórùka 2, ti kámẹ́rà ni, fóònù kì í sábà gbọ́ ọ. Ẹ há a mọ́ àyà, sẹ̀ǹtímítà 15 sí 20 sí ìsàlẹ̀ àgbọ̀n, níbi tí ẹ̀gbà ọrùn tàbí léèsì kò ti ní máa ha á. Kọ́mọ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ ya ìṣẹ́jú àáyá 10, kẹ́ ẹ fi èékánná kan máìkì náà. Bí ẹ ò bá gbọ́ kíkàn yẹn kó dún gbàgà, máìkì inú fóònù ló ṣì ń ṣiṣẹ́.

Ní ti ìlà dúdú: iná NEPA wa jẹ́ 50 Hz, nítorí náà ọ̀pọ̀ gílóòbù LED ń ṣẹ́jú nígbà 100 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Fóònù ń ya àwòrán 30 láàárín àkókò kan náà, ìṣirò méjèèjì ò bára mu, ìlà á sì yọ. Ẹ pa gílóòbù, ẹ lo ìmọ́lẹ̀ fèrèsé. Bó bá di dandan kẹ́ ẹ tan iná, tí kámẹ́rà fóònù yín sì ní Pro (ibi tẹ́ ẹ ti lè fọwọ́ ara yín tò ó), ẹ fi shutter, ìyẹn àkókò tí kámẹ́rà fi ń gba ìmọ́lẹ̀, sí 1/50 tàbí 1/100.

Ó jọ pé fèrèsé tàbí ògiri funfun ni ọmọ kẹ́yìn sí. Fóònù rí ohun tó mọ́lẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ó dín ìmọ́lẹ̀ kù, ojú ọmọ sì ṣú. Kí ọmọ kọjú sí fèrèsé, kí ẹni tó ń yà á kẹ́yìn sí fèrèsé náà. Lẹ́yìn ọmọ, ẹ fi aṣọ aláwọ̀ kan ṣoṣo kọ́ ògiri, bíi búlúù tàbí àwọ̀ ilẹ̀. Ẹ wá fìka tẹ ojú rẹ̀ lórí fóònù, ẹ má gbé e kúrò títí àmì àgádágodo yóò fi yọ. Ẹ má wọ aṣọ onílà tẹ́ẹ́rẹ́ fún un, á máa gbọ̀n lójú fídíò.

Kámẹ́rà ẹ̀yìn fóònù lẹ ó lò. Ẹ nù ún kí òróró ọwọ́ kúrò, kẹ́ ẹ yí fóònù sí ìbú, kì í ṣe òró, kó ga tó ojú ọmọ gan-an, kó sì mú un láti ìbàdí sókè kí ọwọ́ rẹ̀ lè hàn. Ojú lọ̀rọ̀ wà, a máa ń wí. Nínú fídíò, ihò kékeré kámẹ́rà yẹn ni ojú adájọ́. Ẹ lẹ ìwé pélébé aláwọ̀ pupa mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kí ọmọ mọ ibi tó máa wò. Ẹ má di ìwé ọ̀rọ̀ mú lẹ́yìn fóònù fún un rárá. Ojú tó ń kàwé a máa rìn láti ẹ̀gbẹ́ dé ẹ̀gbẹ́, adájọ́ á sì mọ̀.

Ẹ fi ìṣẹ́jú 2 àti àáyá 45 ṣe òdiwọ̀n. Bó bá kọjá bẹ́ẹ̀, gbólóhùn kan ni kẹ́ ẹ yọ. Ẹ má ní kó sáré sọ ọ́. Bó bá ṣìsọ láàárín àáyá 30 àkọ́kọ́, ẹ tún un yà. Bó bá jẹ́ lẹ́yìn àáyá 30 yẹn ló ṣìsọ, kó mí, kó tún gbólóhùn náà sọ, kó máa lọ. Ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́ tó. Ohùn tó ti rẹ̀ kì í dára sí i. Gígé ìbẹ̀rẹ̀ àti ìparí fídíò, bí òfin wọn ò bá sọ pé ó ṣe é ṣe, ẹ má ṣe é.

Kẹ́ ẹ tó tẹ bọ́tìnnì, ẹ tan airplane mode, torí ìpè kan ṣoṣo lè dá a dúró. Ní ti ìwọ̀n àwòrán, 1080p ni kẹ́ ẹ yàn, kì í ṣe 4K tó máa ń tóbi jù. Bí ẹ bá ya àáyá 30, tẹ́ ẹ wo bó ṣe tóbi tó, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 6, ẹ̀yin náà á mọ àyè tẹ́ ẹ nílò. Fídíò 300 MB lórí íntánẹ́ẹ̀tì tó ń gbé mẹ́gábíìtì 2 (2 Mbps; mẹ́gábíìtì 8 ló wà nínú MB 1) lọ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ogún ìṣẹ́jú ni yóò gbà kó tó délé, nítorí náà ẹ má dúró dìgbà tí wọ́n bá fẹ́ tilẹ̀kùn. Bó bá jẹ́ WhatsApp lẹ máa gbà fi ránṣẹ́, kó jẹ́ bíi Document, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ á fún un pọ̀ mọ́ra, àwòrán á sì bàjẹ́. Bó bá jẹ́ YouTube, àkáǹtì tiyín ni kẹ́ ẹ lò, kẹ́ ẹ yan Unlisted (ẹni tó bá ní líǹkì lè wò ó), ẹ má yan Private. Ẹ wá fi fóònù ẹlòmíràn ṣí líǹkì náà. Bí kò bá ṣí, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé Private ló ṣì wà.