Bí Ẹ Óò Bá Mú Màmá Yín Lọ sí Conwy àti Caernarfon, Iye Wákàtí Ni Kí Ẹ Béèrè

Ẹ kú ìpalẹ̀mọ́ àlejò. Ìbéèrè yín ni pé màmá yín ń bọ̀ láti Ìbàdàn, pé ẹ fẹ́ mú wọn àti àwọn ọmọ méjèèjì wọ ọkọ̀ àwọn amọ̀nà láti Manchester lọ wo àwọn ilé olódi àríwá Wales àti ìlú àtijọ́ Conwy láàárín ọjọ́ kan ṣoṣo. Ẹ fẹ́ mọ̀ bóyá ó tó owó tí wọ́n ń gbà, àti bóyá àgbàlagbà lè ṣe é. Ìdáhùn mi ni pé ó tó bẹ́ẹ̀, àgbàlagbà sì lè ṣe é. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó sanwó, ẹ má ṣe ka iye ibi tí wọ́n kọ sínú ìpolówó wọn. Iye wákàtí tí ẹ óò fi ẹsẹ̀ yín tẹ ilẹ̀ ní ibì kọ̀ọ̀kan ni kí ẹ béèrè. Èmi kò béèrè nígbà àkọ́kọ́, ìyá mi ni ó sì jìyà rẹ̀.

Ọdún tí màmá mi kọ́kọ́ wá kí wa ni mo rí ìpolówó ilé-iṣẹ́ kan tí ó ní ibi mẹ́rin ni àwọn yóò gbé wa dé kí ilẹ̀ tó ṣú: Llandudno, Conwy, Caernarfon, àti abúlé erékùṣù Anglesey tí gbogbo ayé mọ̀ nítorí gígùn orúkọ rẹ̀. Mo rò pé èrè ni, nítorí owó kan náà ni a ó san. Aago mẹ́jọ àárọ̀ ni a gbéra. Nígbà tí a fi ya fọ́tò tán níwájú pátákó abúlé náà, tí a jẹun ní Llandudno, tí a sì dúró de àwọn èrò tí wọn kò tètè padà sínú ọkọ̀, ogójì ìṣẹ́jú péré ni ó kù fún Conwy. Ọkùnrin tí ó ń ṣàlàyé fún wa mọ ìtàn dáadáa, ṣùgbọ́n inú ọkọ̀ ni àlàyé rẹ̀ parí sí. Kò bá wa sọ̀ kalẹ̀. Ó nàka sí ilé olódi náà láti ojú fèrèsé, ó sọ àsìkò tí a gbọ́dọ̀ padà, ó di ọwọ́ wa. Ẹnu ọ̀nà ni a dé kí a tó mọ̀ pé owó ìwọlé kò sí nínú owó tí a ti san.

Mo sanwó, a wọlé, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í sáré lé àkókò pẹ̀lú ìyá tí ó ti lé ní àádọ́rin ọdún. Àtẹ̀gùn inú àwọn ilé ìṣọ́ Conwy lọ́ bí ìkarahun ìgbín. Ẹsẹ̀ àwọn èrò ti jẹ àárín òkúta rẹ̀ títí ó fi jin kòtò, ibi tí ẹsẹ̀ sì lè dúró sí ní apá inú kò fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Ó kù díẹ̀ kí a dé òkè nígbà tí àwọn èrò mìíràn ń sọ̀ kalẹ̀ bọ̀ wá pàdé wa. Màmá mi fẹ̀yìn ti ògiri, wọ́n fi ọwọ́ kan di ìró wọn mú, wọ́n fi ìkejì di èjìká mi mú, wọ́n ní, "Ọmọ mi, mi ò lè gòkè mọ́, mi ò sì lè sọ̀ kalẹ̀." A dúró bẹ́ẹ̀ nínú òkùnkùn títí gbogbo èèyàn fi kọjá, lẹ́yìn náà ni mo ṣáájú wọn, tí a ń fi ìdí wọ́ sọ̀ kalẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. A pẹ́ kí a tó dé ọkọ̀, gbogbo èrò sì ń wò wá. Ní alẹ́ ọjọ́ náà, nígbà tí mo ń fi omi gbígbóná pa orúnkún wọn, wọ́n bi mí pé, "Kí ni a lọ wò níbẹ̀ gan-an?" N kò rí ìdáhùn kankan fún wọn, ó sì dùn mí púpọ̀.

Nígbà tí wọ́n tún wá ní ọdún kẹta, mo wá ọkọ̀ kékeré kan tí kò gbà ju èèyàn mẹ́rìndínlógún lọ, tí ó sì jẹ́ pé ibi méjì péré ni ó ń lọ: wákàtí méjì ààbọ̀ ní Conwy, wákàtí méjì ní Caernarfon, amọ̀nà sì ń bá èrò rìn. Owó rẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ díẹ̀. Láti Manchester dé Conwy, ìrìn wákàtí kan ààbọ̀ ni bí ọ̀nà bá dá; láti ibẹ̀ dé Caernarfon kò tó wákàtí kan, nítorí náà kò sí ìdí tí ilé-iṣẹ́ kankan fi gbọ́dọ̀ ní àyè kò sí.

Obìnrin tí ó jẹ́ amọ̀nà wa ní ìrìn-àjò kejì yẹn kò kọ́kọ́ mú wa lọ sí ilé olódi. Iwájú ilé ìjọ St Mary, ní àárín ìlú, ni ó kó wa dúró sí. Ó ní kí Edward Kìíní, ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó fi ogun wọ ibẹ̀, ilé àwọn mọ́ńkì Aberconwy ni ibi tí a dúró sí yẹn jẹ́, inú rẹ̀ sì ni wọ́n sin Llywelyn Ńlá sí nígbà tí ó kú ní 1240, olórí tí àwọn ará Wales kò gbàgbé títí di òní. Ní oṣù Kejìlá 1282 ni wọ́n pa ọmọ-ọmọ rẹ̀, Llywelyn ap Gruffudd, nínú ogun. Nígbà tí ó di 1283, Edward yan ilẹ̀ àwọn mọ́ńkì náà gan-an fún ilé olódi rẹ̀ àti ìlú tuntun tí odi yóò yí ká. Ó kó àwọn mọ́ńkì lọ sí Maenan, pósí òkúta tí wọ́n sọ pé ó jẹ́ ti Llywelyn sì wà nínú ilé ìjọ ní Llanrwst lónìí. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni ọba náà kó wá gbé inú odi; kò fẹ́ kí ọmọ onílẹ̀ di onílé níbẹ̀. Mo túmọ̀ rẹ̀ fún màmá mi pé ó dà bí ìgbà tí ọ̀tá bá wó bàrà tí wọ́n ń sin Aláàfin sí, tí ó sì kọ́ ilé ìṣọ́ sórí rẹ̀. Wọ́n dákẹ́, wọ́n wo ògiri náà lọ bí ilẹ̀ bí ẹní, wọ́n ní, "Nítorí pé ó ń bẹ̀rù wọn ni ó ṣe mọ ọ́n ga tó báyìí." Láti ìgbà yẹn ni ojú wọn ti là sí gbogbo ohun tí a rí, nítorí wọ́n ti mọ ẹni tí odi náà wà fún àti ẹni tí ó wà láti dènà.

Nítorí náà, bí amọ̀nà yín kò bá sọ ìtàn yìí, ẹ bá mi sọ ọ́ fún màmá yín àti àwọn ọmọ kí ẹ tó wọlé. Ọ̀gá àwọn mọlémọlé tí ọba mú wá láti Savoy, James ti Saint George, ni ó darí iṣẹ́ náà, láàárín 1283 sí 1287 ni wọ́n sì parí ọ̀pọ̀ jù lọ nínú rẹ̀. Nǹkan bí £15,000 ìgbà náà ni ó gbà, owó tí ó pọ̀ jọjọ. Ilé ìṣọ́ ńlá mẹ́jọ ni ó wà ní ilé olódi. Odi ìlú fúnra rẹ̀ gùn tó kìlómítà kan àti díẹ̀, ó ní ilé ìṣọ́ mọ́kànlélógún àti ibodè mẹ́ta, ó sì ṣì pé títí di òní. Síbẹ̀, pẹ̀lú gbogbo agbára yìí, ní Good Friday ọdún 1401, nígbà tí àwọn ẹ̀ṣọ́ lọ sí ìjọ, Rhys àti Gwilym ap Tudur, tí wọ́n jẹ́ ìbátan Owain Glyndŵr, olórí àwọn ará Wales tí ó ṣọ̀tẹ̀ sí ọba Gẹ̀ẹ́sì, fi ọgbọ́n wọlé bí ẹni pé gbẹ́nàgbẹ́nà tí ó wá ṣiṣẹ́ ni wọ́n, wọ́n pa àwọn aṣọ́nà, wọ́n sì gba ilé olódi náà. Nínú ìdílé wọn yìí ni Henry Keje ti ṣẹ̀, ẹni tí ó jọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1485. Àwọn ọmọ mi ní kí n tún ìtàn gbẹ́nàgbẹ́nà yìí sọ fún àwọn lẹ́ẹ̀mẹta kí a tó délé.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí màmá yín gun ilé ìṣọ́ Conwy. Ìsàlẹ̀ tó wọn. Ẹ mú wọn jókòó sínú gbọ̀ngàn ńlá tí òrùlé rẹ̀ ti ṣí, níbi tí wọ́n ti lè rí àwọn ihò ààrò tí ó kọ́ sára ògiri lókè níbi tí ilẹ̀ àjà òkè ti wó lọ. Kí àgbàlagbà kan dúró tì wọ́n, kí èkejì mú àwọn ọmọ gòkè, lẹ́yìn náà kí ẹ pààrọ̀. Bí ẹsẹ̀ wọn bá gbà á, ẹ jẹ́ kí wọ́n rìn díẹ̀ lórí odi ìlú. Ọ̀fẹ́ ni, àtẹ̀gùn ibẹ̀ sì rọrùn ju ti ilé ìṣọ́ lọ, àfi bí òjò bá ti rọ̀ ni ó máa ń yọ̀. Ní apá gúúsù odi náà, ẹ fi ilé ìyàgbẹ́ méjìlá tí wọ́n tò lẹ́sẹẹsẹ hàn àwọn ọmọ, tí wọ́n mọ yọ síta kí ìdọ̀tí lè jábọ́ sẹ́yìn odi. Àwọn òṣìṣẹ́ ọba ni wọ́n ṣe é fún. Lẹ́yìn náà, ẹ sọ̀ kalẹ̀ lọ sí etí odò, níbi tí ilé pupa kan wà, èyí tí wọ́n ń pè ní ilé tí ó kéré jù ní Britain. Kò fẹ̀ ju mítà 1.8 lọ, gíga rẹ̀ jẹ́ mítà 3.05, apẹja kan tí gígùn rẹ̀ ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà lọ ni ó sì gbé inú rẹ̀ kẹ́yìn, títí di 1900. Màmá mi na ọwọ́ méjèèjì níwájú rẹ̀, wọ́n wọn fífẹ̀ rẹ̀, wọ́n ní yàrá tí àwọn fi bẹ̀rẹ̀ ìgbéyàwó ní Òkè Àdó fẹ̀ ju ìyẹn lọ.

Caernarfon ni kí màmá yín gòkè. Láti 2023 ni ẹ̀rọ agbéniròkè ti wà ní Ibodè Ọba, tí ó ń gbé èèyàn dé òkè tí wọ́n tẹ́ pẹpẹ sí, kí ẹni tí kò lè gun àtẹ̀gùn lè wo ìlú, odò àti òkun. Ohun tí ó mú mi sunkún díẹ̀ ní ọjọ́ náà ni pé mo rí màmá mi lókè yẹn, tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ gèlè wọn, tí wọ́n ń fi ìka tọ́ka sí àwọn òkè Wales fún ọmọ mi obìnrin. Ẹ ní kí wọ́n wo bí òkúta ògiri ṣe ní ilà ilà aláwọ̀ oríṣiríṣi, nítorí ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé odi Constantinople ni Edward fẹ́ kí ó jọ. Ìlú yìí ni wọ́n ti bí ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ní 1284, ẹni tí a sọ di Prince of Wales (oyè tí wọ́n ń fún àrẹ̀mọ ọba) àkọ́kọ́ nínú àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní 1301. Ibẹ̀ náà ni wọ́n ti fi Charles, tí ó ti di ọba báyìí, joyè kan náà ní 1969.

Ohun kan wà ní Caernarfon tí ìpolówó kò ní sọ fún yín. Èdè Wales ni wọ́n ń sọ ní ìgboro, kì í ṣe àwọn arúgbó nìkan. Nínú ilé búrẹ́dì tí a ti ra ohun jíjẹ, ọmọ tí kò ju ọdún mẹ́rin lọ ń bá ìyá rẹ̀ jiyàn ní èdè wọn, olùtajà náà sì dá sí i pẹ̀lú èdè kan náà. Ọmọ mi ọkùnrin bi mí pé ṣé wọn kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ni. Mo ní wọ́n gbọ́ ọ, wọ́n kàn ń sọ èdè tiwọn ni. Màmá mi ti kọ́ "diolch" lẹ́nu amọ̀nà, èyí tí ó túmọ̀ sí ẹ ṣeun, wọ́n sì sọ ọ́ fún olùtajà náà pẹ̀lú ìkúnlẹ̀ díẹ̀ bí a ti ń ṣe nílé. Obìnrin náà gbé ọwọ́ lé àyà. Inú ọkọ̀ nígbà tí a ń padà ni ọmọ mi fi Yorùbá bi ìyá-ìyá rẹ̀ léèrè ohun tí wọn óò jẹ. Ó ti pẹ́ tí n kò ti gbọ́ irú rẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ láìjẹ́ pé mo fi ipá mú un.

Àwọn ọkọ̀ mìíràn máa ń fi Penrhyn, tí ó wà nítòsí Bangor, kún un. Ẹ mọ̀ pé kì í ṣe ilé olódi àtijọ́. Láàárín 1820 sí àwọn ọdún 1830 ni wọ́n kọ́ ọ, ìdílé Pennant sì fi owó ṣúgà tí àwọn ẹrú ènìyàn dúdú gbìn ní Jamaica kó ọrọ̀ jọ. Nígbà tí wọ́n dá àwọn ẹrú sílẹ̀, ìjọba san owó tí ó lé ní £14,000 fún ẹni tí ó ni ilé náà nítorí èèyàn 764; àwọn èèyàn náà kò gba kọ́bọ̀. Mo rò pé ó yẹ kí àwọn ọmọ wa rí i, ṣùgbọ́n kí ó jẹ́ ọjọ́ ọ̀tọ̀, kí ẹ lè ráyè bá wọn sọ̀rọ̀.

Ní ti ìmúra, ẹ bi ilé-iṣẹ́ náà bóyá owó ìwọlé wà nínú owó tí ẹ óò san, bóyá amọ̀nà máa bá yín sọ̀ kalẹ̀, àti bóyá ọkọ̀ yóò dúró sí ibi tí màmá yín kò ní rin ọ̀nà jíjìn. Ẹ ra aṣọ òjò fún olúkúlùkù, kì í ṣe agbòòrùn, nítorí atẹ́gùn orí odi máa ń yí i sódì. Kí màmá yín wọ bàtà tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ń di ilẹ̀ mú, kí wọ́n sì wọ ṣòkòtò sábẹ́ ìró. Tèmi kọ̀ ọ́ ní àárọ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí a dé orí odi Conwy tí òtútù bẹ̀rẹ̀, àwọn fúnra wọn ni wọ́n ní kí n fa ṣòkòtò náà jáde nínú báàgì.