Kí ẹ tó dá SSD náà padà, ẹ wo bátìrì inú kọ̀ǹpútà yín

Ẹ kú ìnáwó, ẹ sì kú ìdààmú. Bí mo ṣe lóye àlàyé yín, ẹ yọ hard disk inú kọ̀ǹpútà orí tábìlì yín tó ti lé ní ọdún mẹ́wàá, ẹ fi SSD (dísìkì tí kò ní àwo tó ń yí) rọ́pò rẹ̀, ẹ yí SATA (ọ̀nà tí dísìkì fi so mọ́ kọ̀ǹpútà) sí AHCI (ìlànà tuntun tí kọ̀ǹpútà fi ń bá dísìkì sọ̀rọ̀) nínú BIOS (ètò kékeré tó ń jí kọ̀ǹpútà kí Windows tó wọlé), ẹ sì fi Windows 10 tuntun sórí rẹ̀. Ó ṣiṣẹ́ geerege títí ẹ fi lọ sùn, ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ tàn án lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn tí wáyà iná rẹ̀ ti wà ní yíyọ mọ́jú, ojú rẹ̀ di búlúù, ó kọ INACCESSIBLE_BOOT_DEVICE, kò sì wọlé mọ́. Ẹ tún Windows fi sí i, ó tún ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ wá ń gbèrò láti dá SSD náà padà fún ẹni tó tà á. Mo bẹ̀ yín, ẹ ṣe sùúrù díẹ̀. Gbogbo ohun tí ẹ kà sílẹ̀ yìí ni kọ̀ǹpútà tèmi náà fi ojú mi rí, SSD kọ́ ló sì ń ṣe é.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ẹ kàn mẹ́nu bà lọ, pé aago kọ̀ǹpútà náà máa ń padà sí oṣù kìíní ọdún 2009. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Bátìrì pẹlẹbẹ kan wà lórí motherboard (pátákó ńlá inú àpótí tí gbogbo nǹkan so mọ́), ó rí roboto bí owó ẹyọ, CR2032 ni wọ́n ń kọ sí i lára, agbára rẹ̀ sì jẹ́ fólítì 3. Òun ló ń gbé aago ró nígbà tí kò bá sí iná, òun náà ni kì í jẹ́ kí BIOS àwọn kọ̀ǹpútà àtijọ́ gbàgbé ohun tí a bá yàn síbẹ̀. Bí ó bá ti kú, ohun gbogbo inú BIOS yóò padà sí bí ó ṣe wà nígbà tí ó jáde ní ilé iṣẹ́, ọ̀pọ̀ motherboard ìgbà náà ló sì jẹ́ pé IDE, ìlànà àtijọ́, ni wọ́n fi SATA sí. Windows tí a fi sí i nígbà tí SATA wà ní AHCI yóò bẹ̀rẹ̀ sí í jí, yóò wá dísìkì rẹ̀ tì, ojú búlúù ni yóò sì gbẹ̀yìn rẹ̀.

Ẹ lè béèrè pé kí ló dé tí hard disk àtijọ́ kò fi ṣe irú èyí rí. Ó ṣeé ṣe gan-an kí ó jẹ́ pé inú IDE ni wọ́n ti fi Windows tirẹ̀ sí i láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí náà bí BIOS bá tilẹ̀ gbàgbé ohun gbogbo, ibi tí Windows náà mọ̀ ló ń padà sí. Bákan náà, bí ẹ bá pa kọ̀ǹpútà ṣùgbọ́n tí wáyà rẹ̀ ṣì wà lára iná, agbára kékeré kan ṣì ń wọ motherboard, ìyẹn sì ń bo àṣírí bátìrì tó ti kú. Ìdí nìyí tí àìsàn náà fi ń wá tó ń lọ, tí gbogbo ènìyàn sì ń di ẹ̀bi ru ohun tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ rà. Kí ẹ máa tún Windows fi sí i lójoojúmọ́ nínú irú ipò yìí, ẹ ń fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ ni, ẹ ń pa làpálàpá.

Ẹ yọ wáyà iná, ẹ tẹ bọ́tìnnì ìtanná mọ́lẹ̀ díẹ̀ kí iná tó kù nínú rẹ̀ lè tán, ẹ ṣí ẹ̀gbẹ́ àpótí náà, ẹ sì fi ọwọ́ kan irin ara rẹ̀ kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun nínú rẹ̀. Irin pẹ́ńpẹ́ kan ló sábà máa ń di bátìrì náà mú. Ẹ rọra tì í sẹ́yìn, bátìrì yóò fò sókè fúnra rẹ̀. Ẹ fi tuntun sí i, kí ojú tó ní àmì + wà lókè. Nígbà tí ẹ bá tàn án, ẹ kọ́kọ́ wọ BIOS, ẹ tún ọjọ́ àti aago ṣe, ẹ dá SATA padà sí AHCI, ẹ fi SSD ṣáájú nínú ètò dísìkì tí yóò tàn, ẹ sì fi pamọ́ kí ẹ tó jáde. Lẹ́yìn náà, ẹ yọ wáyà iná mọ́jú. Bí aago bá ṣì péye ní òwúrọ̀, Windows yóò wọlé.

Ẹ má fojú kéré ètò dísìkì yẹn o. Nínú tèmi, hard disk àtijọ́ ṣì wà nínú àpótí pẹ̀lú Windows tirẹ̀, òun ni BIOS sì máa ń padà lọ tàn, kọ̀ǹpútà á wá máa fà bí àtẹ̀yìnwá, bí ẹni pé a kò náwó kankan. Ẹni tó bá ń gbà pé SSD òun kò yára, kí ó kọ́kọ́ ṣí Disk Management, ibi tí Windows ti ń to àwọn dísìkì lẹ́sẹẹsẹ, kí ó wo dísìkì tí wọ́n kọ Boot sí.

Ti dídúró gbagidi tí ẹ ní kọ̀ǹpútà náà máa ń ṣe fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ yàtọ̀ sí èyí, wáyà SATA ni mo fura sí. Wáyà tó ti pẹ́ tí a ká mọ́ inú àpótí lè máà ba hard disk lẹ́rù, kí ó sì máa dí SSD lọ́wọ́. Ẹ fi CrystalDiskInfo, ètò tó ń yẹ ìlera dísìkì wò, wo ìlà C7, èyí tó ń ka àṣìṣe tó ń wáyé lójú ọ̀nà láàárín dísìkì àti motherboard. Iye tó wà níbẹ̀ kì í padà sí òfo, nítorí náà bóyá ó ń pọ̀ sí i ni kí ẹ máa ṣọ́. Bí ó bá ń pọ̀ sí i, ẹ pààrọ̀ wáyà, kí ẹ sì gbé e sí ihò mìíràn.

Ní ti eré rẹ̀, bí ihò SATA yín bá jẹ́ ti 3 Gb/s, kò lè kọjá megabyte 300 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ohun yòówù tí wọ́n kọ sára páálí SSD. Mi ò ní tìtorí ìyẹn ra káàdì kankan kún un. Ohun tí ẹ sanwó fún ni pé kò sí àwo tó ń yí mọ́, kò sì sí orí tó ń sáré kiri wá fáìlì, ìyẹn ló ń mú kí Windows tètè jí.

Bí C7 bá ṣì ń gòkè pẹ̀lú wáyà tuntun àti ihò mìíràn, tí ó sì ń ṣe bẹ́ẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn, nígbà náà ni kí ẹ ya àwòrán ojú CrystalDiskInfo, kí ẹ sì gbé SSD náà pẹ̀lú rìsíìtì rẹ̀ lọ bá ẹni tó tà á.