Ìbéèrè Òǹkàwé: Ṣé Mo Tún Lè Gbá Tẹníìsì Lẹ́yìn Tí Wọ́n Pààrọ̀ Oríkèé Èjìká Mi?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Ọmọ ọdún 64 ni mí, Abẹ́òkúta ni mò ń gbé. Ó pẹ́ tí làkúrègbé ti ń bá èjìká ọ̀tún mi jà, títí tí n kò fi lè gbé ọwọ́ dé orí láti ya irun mi mọ́. Ní oṣù mẹ́rin sẹ́yìn, àwọn ọmọ mi mú mi lọ sí London, wọ́n sì ṣe iṣẹ́ abẹ fún mi níbẹ̀: wọ́n yọ oríkèé tó ti bàjẹ́, wọ́n fi onírin àti oníke rọ́pò rẹ̀. Ìrora náà ti lọ. Kí àìsàn yìí tó dé, tẹníìsì orí tábìlì ni mo máa ń gbá ní gbogbo ọjọ́ Sátidé, mo sì máa ń gbá ti orí pápá lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Àwọn ẹgbẹ́ mi ní kí n máa bọ̀, pé níwọ̀n ìgbà tí kò ti dùn mí mọ́, ó ti san nìyẹn. Ìyàwó mi ní bí òun bá tún rí báàtì lọ́wọ́ mi, òun yóò sọ ọ́ sínú iná. Ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀?

Ìdáhùn: Bàbá, ẹ kú ewu iṣẹ́ abẹ. Tọ̀tún-tòsì wọn ló ṣì í, àmọ́ ti àwọn ẹgbẹ́ yín ló léwu jù. Ohun tó ń dùn yín tẹ́lẹ̀ ni egungun tó ń ha egungun, nítorí pé kèrékèré tó wà láàárín wọn ti jẹ tán. Bí wọ́n ti yọ wọ́n báyìí, ìrora ní láti lọ. Ṣùgbọ́n iṣan tí oníṣẹ́ abẹ gé kó tó ráyè wọlé, tó sì rán padà, ń lo àkókò tirẹ̀ láti fi lẹ̀ mọ́ egungun, ìrora wà o, kò sí o. Iṣan yẹn ni kí ẹ máa wò.

Ohun kan wà tí ẹ kò sọ fún wa, orí rẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ìdáhùn yìí dúró lé: irú oríkèé wo ni wọ́n fi sí i? Oríṣi méjì ló wọ́pọ̀. Ọ̀kan tẹ̀lé bí Ọlọ́run ṣe dá èjìká: bọ́ọ̀lù onírin wà lórí egungun apá, àwo oníke tí bọ́ọ̀lù náà ń yí nínú rẹ̀ sì wà lára egungun pẹlẹbẹ ẹ̀yìn èjìká. Èkejì yí ètò náà sódì, bọ́ọ̀lù lọ sára egungun ẹ̀yìn, àwo wá sórí egungun apá. Paul Grammont, oníṣẹ́ abẹ ọmọ ilẹ̀ Faransé, ló gbé irú èyí jáde ní ọdún 1985 fún àwọn tí iṣan tó yí oríkèé wọn ká ti já, kí ẹran ńlá tó bo èjìká lè máa dá gbé apá náà. Ẹ wo ìwé tí ilé ìwòsàn fún yín nígbà tí wọ́n ní kí ẹ máa lọ sílé, tàbí kí àwọn ọmọ yín bá yín béèrè.

Bó bá jẹ́ èyí àkọ́kọ́, iṣan iwájú èjìká ni ẹ̀rù wà fún. Fífi àtẹ́lẹwọ́ ti ara dìde lórí àga, tàbí yíyí apá síta jìnnà, lè já a ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́. Bó bá jẹ́ èyí tí wọ́n yí sódì, ó lè yẹ̀ nígbà tí ọwọ́ bá lọ sẹ́yìn, bí ìgbà tí ènìyàn fẹ́ ki ẹ̀wù bọ ẹ̀yìn ṣòkòtò. Dókítà òkè òkun lè máà rántí béèrè nípa ìdọ̀bálẹ̀, bẹ́ẹ̀ orí àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì ni a fi ń dìde nínú rẹ̀, gbogbo ìwúwo ara a sì gba èjìká kọjá. Bákan náà ni ìforíkanlẹ̀ fún ẹni tó ń kírun. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń ṣe fisiotẹ́rápì fún yín kí ẹ tó padà sí i. Ẹ tẹ̀ ba ná, kò sí àgbà tí yóò bínú.

Ní ti báàtì, lẹ́yìn nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjìlá ni wọ́n sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í fún iṣan lágbára, nígbà tó bá sì di nǹkan bí oṣù mẹ́fà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń padà sí eré ìdárayá. Ẹ dúró níwájú dígí, kí ẹ rọra gbé apá ọ̀tún sókè níwájú títí ọwọ́ yóò fi bá ojú dọ́gba. Bí èjìká bá ń sáré lọ bá etí, iṣan kò tíì gbà, kò sí báàtì. Bí apá bá gòkè láìjẹ́ pé èjìká sáré bẹ́ẹ̀, tí dókítà sì ti wo fọ́tò X-ray tó ní ó dára, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ báàtì láìsí bọ́ọ̀lù, kí ìgbọ̀nwọ́ sún mọ́ ìhà. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n ká ìdajì tábìlì sókè fún yín, kí ẹ máa dá gbá bọ́ọ̀lù mọ́ ọn fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ní ọjọ́ kan sí méjì. Bí èjìká bá ṣì ń ro yín nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì bá mọ́, àṣejù ti wọ̀ ọ́.

Ti orí pápá ni mo fẹ́ kí ẹ fi sẹ́yìn, pàápàá sáàfù, ìyẹn bọ́ọ̀lù tí a fi ń bẹ̀rẹ̀ eré, láti òkè orí. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá fi agbára gbá bọ́ọ̀lù lókè báyẹn, ṣe ni bọ́ọ̀lù onírin ń ti etí àwo oníke náà, títí àwo yóò fi máa mì bí eyín tó fẹ́ yọ. Bí ọkàn yín kò bá gbà, ẹ gbá a ní méjì sí méjì, kí ẹ máa ṣe sáàfù láti ìsàlẹ̀.

Ẹ má fi sílípáàsì gbá bọ́ọ̀lù mọ́. Òógùn tó kán sórí tẹ́ráásò ti gbé ẹni tó kéré sí yín ṣubú, egungun tó bá sì dá ní ìdí irin kì í ṣe iṣẹ́ kékeré. Bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fa apá náà nítorí pé ó le.

Ìbéèrè: Ọmọ mi ọkùnrin, ẹni ọdún 31, ní ẹ̀jẹ̀ SS. Wọ́n ní orí egungun apá òsì rẹ̀ ti kú, pé ó lè gba pípààrọ̀. Ṣé yóò tún lè gbá bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀? (Ìyá kan, Ìjẹ̀bú-Òde)

Ìdáhùn: Ìyá wa, ẹ kọ́kọ́ béèrè bóyá orí egungun náà ti wó. Bí kò bá tíì wó, iṣẹ́ abẹ kékeré kan wà tí wọ́n fi ń lu ihò sí i kí ìfúnpá inú rẹ̀ lè dín kù, ó sì lè sún pípààrọ̀ síwájú. Ohun tí mo rò pé ó dára nìyẹn fún ọ̀dọ́, nítorí ike a máa jẹ. Bí wọ́n bá ti pààrọ̀ rẹ̀, kí ó fi bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ sílẹ̀, nítorí ìkọlù àti ìṣubú. Kí ó máa rìn, kí ó máa wa kẹ̀kẹ́ ìdárayá tó dúró sójú kan. Ẹni bá ní kó máa lúwẹ̀ẹ́ kò purọ́, ṣùgbọ́n omi tútù a máa fa ìrora fún ẹlẹ́jẹ̀ SS, nítorí náà kí ó yan omi tó lọ́wọ́ọ́wọ́, kí ó sì mu omi dáadáa kó tó wọ inú rẹ̀.