Èsì: Ọ̀dà wo ló yẹ Spitfire ọdún 1940?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Ẹ ní ṣé kí ẹ kun òkè Spitfire Mk I yín, àwòṣe kékeré ọkọ̀ òfuurufú ajagun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ogun ojú ọ̀run ọdún 1940, ní àwọ̀ eérú. Rárá o! Oṣù kẹjọ ọdún 1941 ni Ocean Grey, ọ̀dà aláwọ̀ eérú yẹn, ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé. Dark Earth, tó jọ ilẹ̀ gbígbẹ, àti Dark Green ló wà lókè nígbà náà. Láti oṣù kẹfà 1940, ọ̀dà tí wọ́n ń pè ní Sky, ìyẹn “ojú ọ̀run”, ni wọ́n fi kun abẹ́ rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí orúkọ yẹn tàn yín: kì í ṣe búlúù, èèpo ẹyin pẹ́pẹ́yẹ ló jọ. Ṣáájú ìyẹn, abẹ́ apá òsì dúdú, tọ̀tún funfun.

Ẹ kán ọ̀dà funfun díẹ̀ sí i, torí àwọ̀ máa ń ṣú lára nǹkan kékeré. Mi ò kán an sí tèmi àkọ́kọ́. Ńṣe ló dúdú bí ìdí ìkòkò.