Ṣaworo ọrùn ajá ọdẹ, ṣé ètùtù ni?

Àbúrò kan láti Òmù-Àrán ló bèèrè pé kí ló dé táwọn ọdẹ ń so ṣaworo mọ́ ajá lọ́rùn, ṣé ètùtù ni, àbí òyìnbó ló kó nkan ọrùn ajá wá fún wa.

Mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ètùtù yẹn ti wá. Ọmọ àbíkú ni wọ́n máa ń so ṣaworo mọ́ lẹ́sẹ̀ káwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ má baà sún mọ́ ọn, torí náà téèyàn bá rí i lọ́rùn ajá, ibẹ̀ lọkàn á kọ́kọ́ lọ. Tajá ò rí bẹ́ẹ̀ o. Ẹ̀yin náà ẹ wo bí koríko ṣe ń ga lọ́dọ̀ wa tójò bá fẹ́ parí, ó ga ju èèyàn lọ, tájá bá ti lé ọ̀yà wọ inú ẹ̀ ọdẹ ò rí i mọ́, etí ló kù. Tó bá ń dún díẹ̀díẹ̀, ajá ń rìn ni. Tó bá dún kíkankíkan, ó ti ń lé nkan nìyẹn. Tó bá wá ń dún lójú kan, ó ti ká ẹran mọ́ ihò. Ọdẹ tó bá sì gbọ́ ṣaworo ò ní yìnbọn síbẹ̀. Àwọn ọdẹ Kóńgò náà ń ṣe é, agogo onígi ni tiwọn, torí ajá wọn tí wọ́n ń pè ní Basenji kì í fi bẹ́ẹ̀ gbó.

Ti òyìnbó yẹn, rárá o, nkan ọrùn ajá ti wà nílẹ̀ Áfíríkà tipẹ́tipẹ́. Ní 1899, Victor Loret, ọmọ ilẹ̀ Faransé tó ń wá ohun àtijọ́, hú sàréè Maiherpri, ọlọ́lá kan láyé àwọn Fáráò, ní Íjíbítì, sàréè tó ti lé ní 3,300 ọdún, ó bá okùn ọrùn ajá méjì níbẹ̀, aláwọ, wọ́n ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́, orúkọ ajá gan-an wà lára ọ̀kan: Tantanuit.

Àwọn ará Róòmù ní tiwọn nítorí ìkookò. Varro, òǹkọ̀wé wọn kan, kọ ọ́ sílẹ̀ ní nkan bí 37 ṣáájú ìbí Jésù pé awọ tó le ni wọ́n ń kan ìṣó mọ́, kí wọ́n tó wá rán awọ rírọ̀ bo orí ìṣó nínú kí irin má baà dá egbò sí ajá lọ́rùn. Ó ní tí ìṣó bá ti gún ìkookò lẹ́ẹ̀kan, àwọn ajá yòókù tí ò ní tiẹ̀ náà bọ́.

Awọ rírọ̀ yẹn ni mo fẹ́ káwọn ọmọ ọdẹ wa wò dáadáa, torí okùn ọ̀rá ni wọ́n ń so mọ́ ọmọ ajá lọ́rùn báyìí, ajá á dàgbà, okùn ò ní dàgbà, á wọnú ara ẹ̀ lọ. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ tú u, kí ìka méjì lè wọ abẹ́ ẹ̀ kẹ́ ẹ tó so ṣaworo mọ́ ọn.